Ẹni Tó Mọ Ènìyàn, Tó sì Lè Kó Wọn Jọ: Iṣẹ́ Tó Wà fún Un ní Ìkòròdú àti Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ẹ óò ti rí irú wọn rí. Kí wọ́n tó ra ata tán ní ọjà Sábó, ènìyàn mẹ́wàá ti kí wọn. Bí ìjà bá bẹ́ ládùúgbò, ilé wọn ni wọ́n ń sáré lọ. Ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó ń wá kápẹ́ńtà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odógunyán, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní àwọn ṣì ń wá iṣẹ́.

Wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Níbikíbi tí ẹni méjì bá ti nílò ara wọn, tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀ sí ara wọn, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹnì kẹta tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́. Ìkòròdú kún fún irú ibẹ̀. Àgbẹ̀ ẹja kò gba oníbàárà gbọ́, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ń bẹ̀rù ẹni tó ń tà á, ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ ń wo ara wọn lójú, ẹni tó ń fowó pamọ́ ń bẹ̀rù ẹni tó fẹ́ yá a. Iṣẹ́ mẹ́rin tó ti inú wọn jáde la fẹ́ ṣàlàyé níbí. A óò fi díẹ̀ kún un fún ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ olóṣù.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ ọgbọ̀n ènìyàn tí kì í ṣe ẹbí yín sí i. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta: iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an (“oníṣòwò” kò tó, ẹ kọ ohun tó ń tà àti ibi tó ń tà á), ohun tó ń dà á láàmú lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ìgbà tí ẹ ṣe nǹkan fún un kẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á kọ orúkọ ọgbọ̀n tán kíákíá, wọ́n á sì dúró bí wọ́n bá dé ohun kejì. Ẹni tí ẹ kò mọ ohun tó ń dà á láàmú, ẹ kàn ń kí i ni, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ènìyàn méjìlá tí ẹ lè kọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún, ẹ ti ní ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀.

Ti agbára ìdarí, ìdánwò kan ṣoṣo ló wà: ṣé ẹ ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, tí ẹ ná an sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a, tí ẹ sì ka ìṣirò rẹ̀ sí wọn létí? Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ rí, ẹ gba ipò akọ̀wé tàbí akápò nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDA, kí ẹ ṣe é fún ọdún kan. Wọn kì í san owó níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹ óò ti kọ́ bí a ṣe ń gba owó àtúnṣe tiransfómà lọ́wọ́ lándíládì tó ní òun kò sí nílé, àti bí a ṣe ń dá ìpàdé tó ti fẹ́ di ariwo padà. Ẹ jẹ́ kí owó àdúgbò wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí, kó má ṣe wọ àkáǹtì tiyín láé, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan péré. Tí owó bá pé, ẹ lẹ orúkọ àwọn tó san àti iye tí wọ́n san mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Àwọn alága ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa ń pàdé ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ní ìhà ibí, yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú fúnra rẹ̀, LCDA (ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀) márùn-ún ló wà: Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Igbógbó-Bàyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà. Ẹni tó bá ṣe akọ̀wé dáadáa fún ọdún kan á ti di ẹni mímọ̀ ní àdúgbò tí kò gbé.

Alárinà ẹja: ẹni tó ń kó àgbẹ̀ àti oníbàárà pọ̀

Èyí ni a fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí owó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, èrè rẹ̀ sì ń tètè yọjú. Odógunyán àti àyíká rẹ̀ kún fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú pọ́ǹdì. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n bọ́ dáadáa á tó kílò kan láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọjọ́ tó bá tún lò nínú omi, oúnjẹ tó ń jẹ ló ń jẹ èrè àgbẹ̀. Nítorí náà ara àgbẹ̀ kì í balẹ̀ láti tà. Oníbàárà mọ̀ pé ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e ní àwìn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ẹ wá mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ lọ sí pọ́ǹdì wọn fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n da ọmọ ẹja sínú omi, iye tí wọ́n dà, irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, àti oṣù tí wọ́n rò pé ẹja yóò dé ìwọ̀n. Bí ìwé yẹn bá ti kún, ní oṣù karùn-ún ẹ óò ti mọ ẹni tí ẹja rẹ̀ yóò jáde ní oṣù kẹjọ, oníbàárà kò sì lè mọ ìyẹn láìsí yín. Ẹ máa padà lọ ní oṣooṣù, torí ẹja ń kú, olè ń wọ pọ́ǹdì, oúnjẹ sì ń wọ́n tí àgbẹ̀ á fi dín in kù. Iye tó wà nínú ìwé yín ní oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe iye tí wọn yóò kó jáde.

Lẹ́yìn náà ẹ wá oníbàárà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ ẹja kan náà. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ tó ń ṣe point-and-kill, níbi tí ẹni tó fẹ́ jẹun ti ń tọ́ka sí ẹja tó fẹ́ kí wọ́n pa, fẹ́ ẹja láàyè tó tó kílò kan sókè. Àwọn tó ń yan ẹja fẹ́ kékeré, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí kílò kan, torí ó ń tètè gbẹ, ó sì rọrùn láti ká. Àwọn ìyá ọjà ń gba àdàlù, kí owó rẹ̀ ṣáà ti dínkù. Alárinà tó kó ẹja kílò kan-kílò kan lọ bá ayanja yóò gbé e padà, ẹja á sì ti kú dé ilé.

Ẹ bá wọn dúnàádúrà ní kílò, ẹ má ṣe é ní pọ́ǹdì. “Gbogbo pọ́ǹdì yìí, èló?” ni orísun ìjà tó pọ̀ jù nínú òwò yìí. Kí ẹ sì sọ owó tiyín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, pẹ̀lú ẹni tí yóò san án. Ẹ má fi tiyín pamọ́ sínú iye tí ẹ pè fún oníbàárà. Ìgbà kan ṣoṣo ni òun àti àgbẹ̀ nílò láti fi iye tí ẹ sọ fún wọn wé ara wọn kí iṣẹ́ yín tó parí.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ rí i dájú pé àgbẹ̀ kò fún ẹja lóúnjẹ. Odindi ọjọ́ kan ló yẹ kó fi gbààwẹ̀. Ẹja tó yó máa ń yàgbẹ́, á sì máa bi oúnjẹ sínú omi tí wọ́n fi ń gbé e, omi á di ẹlẹ́gbin, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ọkọ̀ tó dé Mile 12. Bákan náà, oúnjẹ tó wà nínú ikùn ẹja ń wúwo lórí òṣùwọ̀n. Oníbàárà tó mọṣẹ́ á fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò.

Ìdájí ni wọ́n ń kó ẹja, kí oòrùn tó mú. Ìdí òṣùwọ̀n ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe ìdí pọ́ǹdì. Ẹ gbé agbọ̀n oníke tó ṣófo sórí òṣùwọ̀n lójú àwọn méjèèjì, lẹ́yìn tí ẹ ti rì í sínú omi, nítorí agbọ̀n tútù wúwo ju gbígbẹ lọ. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ẹja jáde, ẹ jẹ́ kí agbọ̀n dúró lórí etí pọ́ǹdì kí omi ro, títí tí yóò fi di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé e ka òṣùwọ̀n. Ẹ pe iye náà sókè, kí àgbẹ̀ kọ tirẹ̀, kí oníbàárà kọ tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ tiyín. Ó lè dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Ká ní 300 kílò ni wọ́n fẹ́ kó, tí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń gba 20 kílò, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Bí omi ìdajì kílò bá bá agbọ̀n kọ̀ọ̀kan gòkè, kílò méje àbọ̀ ni oníbàárà sanwó omi lé lórí. Ká fi kílò kan ṣe ₦3,000, ₦22,500 ti lọ. Ká sì ní ₦100 lórí kílò ni tiyín, gbogbo èrè yín lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦30,000. Omi lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ yín, oníbàárà sì máa mọ̀ nígbà tó bá wọ̀n ọ́n ní ilé.

Owó àgbẹ̀ ni kó lọ tààrà sí àkáǹtì àgbẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ jẹ́ kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀, kó má wo àtẹ̀jíṣẹ́ alert nìkan, nítorí ayédèrú alert pọ̀. Alárinà tó bá ń jẹ́ kí owó gba ọwọ́ òun kọjá á fi tọ̀sán san tàárọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí oníbàárà bá sì sá, gbèsè àgbẹ̀ á di tirẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe ti ẹja fún ọdún kan lè gbé ọ̀nà kan náà lọ sórí ìrẹsì. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ti ìjọba Èkó ní Ìmọ̀tà, tí wọ́n ṣí ní 2023, ni wọ́n ṣe láti lọ 32 tọ́ọ̀nù láàárín wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìrẹsì tí wọn kò tíì bó èèpo rẹ̀ tó pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tó lè kó àgbẹ̀ jọ ni iṣẹ́ náà sì wà fún. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ níbẹ̀ ni omi tó ṣẹ́kù nínú ìrẹsì. Bí ó bá ju nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á bu nínú àpò. Ẹ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin lọ́wọ́ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó.

Ilé àti ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló wọ iṣẹ́ éjẹ́ǹtì, díẹ̀ ló pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń lé wọn kúrò ni pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lórí yàrá kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé gbígbà, kí ẹ má tíì fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀ ní Èkó. Kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ lándíládì pé òun fún yín láṣẹ láti wá ayálégbé, iye owó ilé, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà parí.

Òfin ilé gbígbà ti Èkó ti 2011 kò gbà kí lándíládì gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, kò yọ Ìkòròdú. Bí lándíládì bá ní dandan ni ọdún méjì, ẹ sọ èyí fún un jẹ́jẹ́. Ayálégbé á gbọ́ pé ẹ sọ ọ́, òun náà ni yóò sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá yín. Ní ti owó tiyín, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni àwọn ènìyàn mọ̀. Ẹ kọ gbogbo owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ìwé kan, owó ilé, owó agirimẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ̀n, owó kọ́ṣọ̀n (èyí tí lándíládì ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́), kí ẹ fún ayálégbé kó lọ sùn lé e kó tó san kọ́bọ̀. Owó ilé á lọ sí àkáǹtì lándíládì, rìsíìtì rẹ̀ á sì jáde ní orúkọ lándíládì.

Kí ẹ tó fi ilé han ẹnikẹ́ni, ẹ ti dé ibẹ̀ nígbà tí òjò rọ̀. Àwọn àdúgbò kan ní Ìkòròdú dára lójú ní oṣù kìíní, tí ó sì jẹ́ pé ní oṣù keje bàtà òjò ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ wo gbèsè tó wà lórí mítà iná. Ẹ tan ẹ̀rọ omi, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí omi tó mọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè pọ́n bí ìpẹtà lẹ́yìn náà. Ayálégbé tó bá bá irú rẹ̀ pàdé lọ́jọ́ tó kó wọlé, ẹ̀yin ló máa pè, kì í ṣe lándíládì.

Ilẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Èkíní, ìwé àwòrán ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́fè: ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá kí wọ́n fi wo àwòrán ìjọba, bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ohun tí ìjọba ti gbà. Èkejì, ẹ wádìí ní ibi tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí, ní Aláúsá náà, bóyá ẹnì kan ti forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Nínú òfin wa, bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò sí rárá. Bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ènìyàn lẹ lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olórí ẹbí ni gbogbo ojúlé gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tó wá láti Ìkẹjà kò lè rí ìyẹn nínú ìwé. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń san owó fún yín lé lórí.

Ẹ tún béèrè ìwọ̀n pílọ́ọ̀tì. Àwọn kan ń ta ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120, àwọn kan ń ta 50 ní 100, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é. Èkíní jẹ́ 7,200, èkejì jẹ́ 5,000. Iye tó dà bí ọ̀pọ̀ lórí fóònù lè di ọ̀wọ́n bí ẹ bá pín in. Láti 2016 ni òfin Èkó ti ka fífi ipá gba ilẹ̀ àti títa ilẹ̀ kan fún ẹni méjì sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, kò sì yọ éjẹ́ǹtì tó bá lọ́wọ́ sí i sílẹ̀.

Alága ìjókòó, alága ìdúró

Alága ìjókòó ń ṣe ti ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ń ṣe ti ẹbí ọkọ. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn nìkan kò tó. Kíkó ẹbí méjì tó ní ìgbéraga sábẹ́ àṣẹ fún wákàtí méjì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, ìyẹn ni iṣẹ́ náà gan-an.

Ẹ tẹ̀lé alága tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ sí òde mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ máa gbé báàgì rẹ̀, kí ẹ máa wo aago. Ẹ óò rí i pé ibi tí àkókò ń lọ sí ni ìdọ̀bálẹ̀ àti owó tí alága ń béèrè. Nítorí náà, kí ẹ tó gba òde, ẹ bá ẹbí méjèèjì jókòó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbà tí a gbọ́dọ̀ dá lọ́lá àti bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹni tó ti kú wà tí orúkọ rẹ̀ á mú omijé wá, bóyá bàbá àti ìyá kò gbé pọ̀ mọ́, ẹni tí yóò ka ìwé ìtọrọ, àti ẹni tí yóò fèsì. Ẹbí mùsùlùmí àti ẹbí onígbàgbọ́ pọ̀ ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ẹ béèrè orin tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Kí ẹ sì fọwọ́ sí i nínú ìwé, èló ni owó iṣẹ́, èló ni ẹ lè béèrè lójú agbo, ẹ̀ẹ̀melòó. Alága tó ń tọrọ apòòwé lẹ́ẹ̀kẹjọ nígbà tí oúnjẹ ti ń tutù, wọn kò ní pè é mọ́, àwọn àlejò 200 tó jókòó níbẹ̀ ni kò sì ní pè é.

Ìdajì owó ni kí ẹ gbà sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, ìyókù kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Bí àríyá bá ti parí, ẹni tó ń gbé owó dání á ti lọ síbi tí a kò mọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọjọ́, ẹ béèrè bóyá Orò yóò jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Orò, obìnrin kì í jáde, nítorí náà ìyàwó kò ní lè dé gbọ̀ngàn. Àwọn ará ìlú mọ èyí, ṣùgbọ́n ẹbí tó ń ti Ìbàdàn tàbí Ṣómólú bọ̀ lè má mọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi. Láti inú iṣẹ́ alága ni ọ̀pọ̀ ti ń di olùṣètò òde pátápátá, tí wọ́n ń wá gbọ̀ngàn, alásè àti onílù fún oníbàárà. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i, àmọ́ ẹjọ́ gbogbo ènìyàn á di tiyín. Ẹ má wọ ibẹ̀ títí tí ẹ óò fi ní alásè méjì tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí, nítorí ọ̀kan á já yín kulẹ̀.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀

Láti 1935 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ń wá ọ̀nà àti ta kòkó wọn lápapọ̀. Lónìí, àwọn oníṣòwò, olùkọ́ àti oṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń dá a sílẹ̀ káàkiri Ìkòròdú. Ẹgbẹ́ ńlá máa ń gba akọ̀wé tàbí mánéjà tí wọ́n ń san owó oṣù fún, iṣẹ́ gidi sì ni. Ọ̀nà tó dájú jù láti débẹ̀ ni kí ẹ dá kékeré kan sílẹ̀, kí ìwé rẹ̀ mọ́.

Ogún ènìyàn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwọn tí owó wọn ń wọlé ní àsìkò tó yàtọ̀ síra, torí bí gbogbo wọn bá jẹ́ olùkọ́, oṣù kẹsàn-án tí ọmọ ń wọlé ni gbogbo wọn máa fẹ́ yá owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ yan alága, akọ̀wé àti akápò, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba Èkó tó ń mójú tó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ẹ tó ṣí àkáǹtì ní báńkì.

Ìṣirò tó ń pa ẹgbẹ́ tuntun rèé. Ogún ènìyàn, ₦10,000 lóṣù, á di ₦1,200,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Òfin tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀. Ẹni tó ní ₦60,000 lè yá ₦120,000. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá yá a lọ́jọ́ kan, gbogbo owó ti tán, ọmọ ẹgbẹ́ kọkànlá tí ara rẹ̀ kò yá á wá bá yín ní ìrọ̀lẹ́, kò ní rí kọ́bọ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, ₦300,000 nìyẹn. Nínú ₦900,000 tó kù, ènìyàn méje ni ẹ lè yá lówó, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ to àwọn yòókù sórí ìlà, kí ìlà náà wà lára ògiri.

Onídùúró méjì ni kó wà fún ẹni tó ń yá owó, kí owó tí àwọn náà ní nílẹ̀ tó gbèsè náà, kí àwọn méjèèjì má sì ṣe jẹ́ onídùúró fún ẹlòmíràn lọ́wọ́ kan náà. Èyí ṣòro fún ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn, a mọ̀. Ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ pé kí ẹ fo onídùúró kejì fún òun. Ẹ sọ fún un pé kó dúró, kó mú ẹnì kejì wá. Bí ẹ bá fò ó fún un, gbogbo ẹgbẹ́ á mọ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹlòmíràn á sì béèrè irú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ owó oṣù

Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Odógunyán àti ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ̀gbìn ní Ìjẹ̀dẹ́ ń gba ènìyàn sí ipò súpáfáísọ̀ àti sí ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣìṣẹ́. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, kó ṣe ìdánwò CIPM, ẹgbẹ́ àwọn amòye lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, ẹ má kọ “mo mọ bí a ṣe ń darí ènìyàn.” Ẹ kọ iye ènìyàn tí ẹ darí, fún oṣù mélòó, iye owó tó gba ọwọ́ ẹgbẹ́ yín, àti ohun tí ẹ fi ṣe. Iṣẹ́ CDA ọdún kan yẹn wúlò níbí.

Bí ẹ ṣe lè mú ènìyàn mọ́ra

Lójoojúmọ́, ẹ pe ènìyàn méjì nínú orúkọ ọgbọ̀n yẹn láìfẹ́ gba nǹkan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ óò yí gbogbo wọn po. Tí ẹ bá so ẹni méjì pọ̀, ẹ padà pe àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ béèrè bí ó ṣe lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́, wọ́n sì gbàgbé, tí kápẹ́ńtà náà bá wá ba ilẹ̀kùn jẹ́, àwọn ni wọ́n á gbọ́ kẹ́yìn.

Ẹ má sọ pé “ó ti wà níbẹ̀” nígbà tí kò sí. “Ẹ jẹ́ kí n wádìí, n ó pè yín ní agogo mẹ́rin” dára jù ú lọ, kí ẹ sì pè ní agogo mẹ́rin, ì báà jẹ́ láti sọ pé ẹ kò rí i.

Kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní òpin oṣù kẹta, ẹ ka inú ìwé yín: àdéhùn mélòó ló parí, mélòó nínú àwọn oníbàárà ló padà wá láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n, èló ni ó wọlé lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ìpè. Bí ẹni tó padà wá kò bá tó márùn-ún, ẹ pe àwọn tí kò padà, kí ẹ bi wọ́n ohun tó fà á, kí ẹ sì ṣe oṣù mẹ́ta mìíràn kí ẹ tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀.